Bí Adáná Ṣe Jí Èédú Dìde

Eérú ló tún jáde.

Adáná ki ọwọ́ bọ inú páànù ńlá tí ìléru ń da èédú sí, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì ń wò ó bó ṣe ń yọ́ bọ́ láàárín ìka rẹ̀ bí àtíkè.

"Àpò mélòó?" ó béèrè.

Ọkùnrin tó ń kó o jáde nà dìde, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. Ṣọ́bìrì ni gbogbo iléeṣẹ́ ń pè é, torí kò sẹ́ni tó rí i rí láìsí ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Méjìlá," ó ní. "Ogún wọlé, méjìlá jáde. Àbúrò mi, ó jọ pé ìléru yìí náà ti ń jẹun. Kì í ṣe oúnjẹ èèyàn mẹ́jọ ló jẹ o, àpò mẹ́jọ gidi ni!"

Adáná kò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wọn lè sọ pé kí ló wà nínú èédú tó jóná, ṣebí iná ni wọ́n ṣe é fún. Kì í ṣe irú èédú yẹn o. Iléeṣẹ́ náà ń pa aṣọ láró, omi tó bá sì ti ibẹ̀ jáde a máa pọ́n tàbí kó dúdú, wọn kò gbọdọ̀ dà á sódò bẹ́ẹ̀. Táńkì ni omi náà ń gbà, láti ọ̀kan dé òmíràn, títí yóò fi dé táńkì gíga kan tó kún fún èédú wẹ́wẹ́, èédú tí wọ́n dìídì ṣe kí inú rẹ̀ lè lu jára bíi ti kànrìnkàn. Lọ́kàn Adáná, hóró èédú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ilé ńlá tó ní ẹgbẹ̀rún yàrá. Aró inú omi a wọlé bí ayálégbé, a wá yàrá kan, a jókòó síbẹ̀. Omi a sì kọjá lọ ní mímọ́. Àmọ́ bó pẹ́ bó yá, ilé á kún. Èédú á yó. Aró tuntun á kanlẹ̀kùn títí, kò ní rí àyè kankan.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn a kó èédú tó ti yó wá sí ilé iná. Ìléru náà gùn gbọọrọ bí àgbá tí a dùbúlẹ̀, a máa rọra yí, a máa yí èédú nínú ooru tó lè sọ irin di pupa. Adáná a wá fẹ́ omi tó ti di ooru sí i, aró inú èédú a sì kó ẹrù jáde ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Èédú a tún di ilé òfìfo, wọn a sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá tó bí i lọ́mọ ló ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, òun ló sì kọ́ ọ. "Omi ni kó dànù," bàbá náà máa ń wí. "Agbè ò gbọdọ̀ fọ́."

Agbè ti ń fọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àpò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kọ́kọ́ jáde nínú ogún, lẹ́yìn náà mẹ́rìnlá, òní méjìlá. Adáná ti pààrọ̀ okùn tó ń dí etí ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Ó ti dín iná kù. Ó ti dín ooru omi kù. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ ń já sí.

Màdáámù wọlé. Òun ni ọ̀gá tó ń bójú tó gbogbo ọ̀rọ̀ omi níbẹ̀. Kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bani.

"Adáná, mélòó?"

"Méjìlá, mà."

Màdáámù wo páànù, ó wo ìléru. "Èédú tuntun ti wà lójú ọ̀nà. Bí mo bá wá ń lo tuntun ní gbogbo ìgbà, kí ni ìléru ń ṣe lọ́wọ́ mi? Àwọn tó ń ra irin àlòkù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n á gé e, wọ́n á kó o lọ."

Adáná ka ọjọ́ lórí ìka. Òní ni ọjọ́ Ajé. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fún mi ní ẹ̀ẹ̀kan sí i."

"Ẹ̀ẹ̀kan tìrẹ máa ń tó ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ogún àpò péré, mà. Mi ò ní béèrè mọ́."

Màdáámù ronú. "Ogún wọlé, méjìdínlógún jáde. Kó sì mu aró bíi tuntun. Bó bá jẹ́ mẹ́tàdínlógún àtààbọ̀, má wulẹ̀ yọjú sí mi. Kí wọ́n máa gé irin wọn lọ."

Bó ṣe ń jáde ni Ẹlẹ́fun ń wọlé. Ọkùnrin gìrìwò ni, ara rẹ̀ funfun láti orí dé bàtà, torí òun ló ń da ẹfun sínú omi ní táńkì àkọ́kọ́ kí omi náà má baà kan jù.

"Adáná tó ń sun eérú!" ó kígbe. "Ṣé mo lè wá bu díẹ̀ fi fọ ìkòkò?"

"Bọ̀dá Ẹlẹ́fun, ẹ kọ́kọ́ lọ fọ ojú yín ná. Ẹ jọ òkú tó gbàgbé ọ̀nà."

"Má bú mi o, ó ti rẹ̀ mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé aró pupa tuntun yẹn dé, omi kan tóbẹ́ẹ̀ tó ń ta nímú. Àpò ẹfun mẹ́ta tí mò ń dà lójúmọ́ ti di mẹ́jọ. Ẹ̀yìn ń ro mí, kò sẹ́ni tó bi mí."

Kò sẹ́ni tó bi í lóòótọ́. Adáná náà kò bi í. Ó ti tẹjú mọ́ ìléru, ó ń wò ó bí ẹni ń wo àgbàlagbà tí wọ́n fẹ́ gbé kúrò nílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, omi tí Adáná gbé kaná fún bàbá rẹ̀ kò tètè hó. Bàbá jókòó sídìí fèrèsé, ó ń fọwọ́ lu itan.

"Ọmọbìnrin mi ń da iná tó ń yọ́ irin níbi iṣẹ́, kò sì lè fi omi gbóná wẹ bàbá rẹ̀ nílé."

"Kẹ́tù ni, Bàbá. Inú rẹ̀ ti dì." Adáná da omi rẹ̀ nù, ó yẹ inú rẹ̀ wò. Èèpá funfun ti lẹ̀ mọ́ ọn yíká. Ó gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, ó fún ìlàjì kan sí i. Kíá, èèpá náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣìì, fóòmù dìde.

"Kí ló ń hó níbẹ̀ láìsí iná?" Bàbá béèrè.

Adáná tẹjú mọ́ fóòmù náà. Ó rí páànù ilé iná lójú ọkàn rẹ̀, èédú tó ti yó tí wọ́n tẹ́ sóòrùn kó lè gbẹ, àti nǹkan funfun kan tó máa ń yọ lára rẹ̀. Ó ti pè é ní eérú. Ṣùgbọ́n èédú náà kò tíì rí iná nígbà yẹn. Eérú wo ni ti ohun tí kò tíì jó?

"Ó ti lọ," Bàbá ń dá sọ̀rọ̀. "Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yìí. Ẹ bá mi pè é padà kí n tó gan."

Ó padà. Ó fi ẹnu ko Bàbá lórí, ó mú ìlàjì ọsàn kejì, ó sì sáré jáde. Bàbá kò wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọsàn náà hó lára èédú bó ṣe hó nínú kẹ́tù. Adáná fún ẹ̀kán omi rẹ̀ sórí ẹ̀kúnwọ́ kan, èédú dúdú sì yọ fóòmù funfun bí ẹni tó ń fọ eyín. Ó gbé e tọ Aláyẹ̀wò lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wo omi nínú ìgò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

"Ẹfun," ni Aláyẹ̀wò wí. "Ẹfun tí Bọ̀dá ń dà ló ń tẹ̀ lé omi wá. Ó ti wọ inú èédú."

"Ayálégbé tí iná kò lè lé," ni Adáná fèsì.

"Ẹ̀n?"

"Má dá mi lóhùn. Ṣé òun ló ń sọ èédú di eérú?"

"Jẹ́ ká bi iná."

Agolo kékeré méjì ni wọ́n wá. Èédú kan náà ni wọ́n bù sínú méjèèjì. Wọ́n kọ́kọ́ fi ásíìdì, omi kíkan tó le ju ti ọsàn lọ, tí wọ́n fi omi là, fọ ti àkọ́kọ́ títí kò fi hó mọ́, wọ́n ṣàn án, wọ́n fi ti èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti méjèèjì gba ojú ihò tí wọ́n fi ń wo inú ìléru, lákòókò kan náà, wọ́n sì yọ wọ́n lákòókò kan náà. Nígbà tí agolo tutù, èyí tí wọn kò fọ̀ ti lọ sílẹ̀ dé ìdajì, eérú bò ó lójú. Èyí tí wọ́n fọ̀ kún dé ibi tó kún dé tẹ́lẹ̀, ó sì ń dán.

Aláyẹ̀wò ní ẹfun ló ń ti ooru omi lẹ́yìn, ó sì ń ràn án lọ́wọ́ láti jẹ ògiri ilé mọ́ ẹrù inú rẹ̀. Adáná kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ti ń jó yípo agolo méjèèjì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí Ẹlẹ́fun, ó bínú wá. "Wọ́n ní ẹ̀ ń kó eérú yín sí mi lọ́rùn!"

"Bọ̀dá, ẹ ò jẹ̀bi. Bí ẹ ò bá da ẹfun, omi á kan, páìpù á lu. Iṣẹ́ yín lẹ̀ ń ṣe. Èmi ni mi ò bi yín léèrè lánàá."

Ẹlẹ́fun ti múra ìjà, ó wá ku ìjà náà sí i lọ́wọ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ó dáa. Èmi náà ń ṣàlàyé ni."

Ó ku ẹni kan. Ní Ọjọ́rú, wọ́n gbé ogún àpò síta, Adáná sì ní kí wọ́n kó o sínú àgbá oníke kí wọ́n fi ásíìdì fọ̀ ọ́. Ṣọ́bìrì fi ṣọ́bìrì rẹ̀ gúnlẹ̀.

"Èmi kọ́? Rárá o. O mọ òfin ilé iná: ohun kíkan kì í wọ ibẹ̀. Bàbá ẹ ló fi lélẹ̀, Bàbá ẹ ló sì gbà mí síṣẹ́. Bó bá fẹ́ yí i padà, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Kò parọ́. Òfin náà ti pẹ́ tóbẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí rẹ̀ mọ́. Adáná fúnra rẹ̀ ti pa á mọ́ láti ìgbà tó ti dé ibẹ̀. Ó lọ sílé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá, láti orí kẹ́tù dé orí agolo méjèèjì. Ojú Bàbá le bí òkúta.

"Ìwọ fẹ́ kọ́ mi ní iná?"

"Rárá, Bàbá."

"Ásíìdì jẹ irin inú ìléru yẹn rí. Ojú mi ló ṣe. Àwọn abẹ irin tó ń yí èédú já lulẹ̀ bí eyín arúgbó. Oṣù méjì la fi tún un ṣe. Ọjọ́ yẹn ni mo fi òfin lélẹ̀."

"Ẹ̀yin náà fi ásíìdì fọ èédú nígbà yẹn?"

Bàbá yíjú sí fèrèsé. Ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú wo ibi tí kò sí nǹkan kan.

"Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mélòó, Bàbá?" Ohùn Adáná rọ̀ gan-an.

"Wọ́n ń kánjú," Bàbá wí. "Àwa... èmi ni mò ń kánjú. Ẹ̀ẹ̀kan." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣàn án. Kíkan kù nínú rẹ̀, mo sì tì í sínú iná. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní ásíìdì ló burú. Mi ò sọ pé èmi ni mi ò ṣàn án."

Adáná sún mọ́ ọn. Kò tíì rí bàbá rẹ̀ báyìí rí. Àfi bí èjìká bàbá náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó rò pé ẹkún ni; ẹ̀rín ni.

"Ọdún mọ́kàndínlógún!" Bàbá ń rẹ́rìn-ín. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi òfin bo ìtìjú mi, gbogbo yín sì ń pa á mọ́ bí ẹni pa ojú mọ́! Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìyá mi, bá mi mú bàtà mi wá."

Nígbà tí Bàbá wọ ilé iná pẹ̀lú ọwọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀, Ṣọ́bìrì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde," ni Bàbá wí. "Òfin ti yí. Ohun kíkan lè wọ àgbá, àmọ́ kò gbọdọ̀ bá èédú wọ ìléru. Ẹ ó ṣàn án títí pépà tí Aláyẹ̀wò fi ń mọ ohun kíkan kò fi ní pọ́n mọ́. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe nígbà náà, kì í ṣe ásíìdì."

Ṣọ́bìrì wo Adáná, ó wo Bàbá. "Bàbá, ṣé tìtorí àṣìṣe yín yìí lẹ ṣe lé mi kúrò nídìí àgbá lọ́dún yẹn, tí ẹ ní èmi ni mo ba ásíìdì jẹ́?"

"Òun ni. Forí jì mí."

"Mo ti forí jì yín tipẹ́. Mo kàn fẹ́ kí Adáná gbọ́ ni."

Wọ́n fọ èédú. Ó hó nínú àgbá bí òjò tó bọ́ sórí páànù. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, wọ́n gbé e lọ sí táńkì Ẹlẹ́fun, torí ibẹ̀ ni kíkan rẹ̀ á ti kú. "Bọ̀dá, ẹfun yín ní ká kí yín," ni Adáná kígbe. Ẹlẹ́fun ní kí wọ́n bá òun bi í bóyá ó gbádùn ìrìn àjò.

Wọ́n wá ń ṣàn án. Lẹ́ẹ̀kan, pépà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta, ó pọ́n. Lẹ́ẹ̀marùn-ún, Ṣọ́bìrì ní ojú òun kò rí pípọ́n kankan mọ́. Aláyẹ̀wò ní kó lọ wá ojú míì. Lẹ́ẹ̀meje, ó kù fẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, pépà bọ́ sómi, ó sì jáde bó ṣe wà. Adáná tún ṣàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ọkàn Bàbá lè balẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbé e wọ iná. Adáná jókòó ti aago tó ń sọ bí ooru ṣe tó. Nígbà tó dé ibi tó fẹ́, ó ṣí ooru omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìléru ń yí, ó ń kùn bí ológbò tó yó. Lọ́sàn-án, sùúrù tán nínú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ìdè ilẹ̀kùn kó tó mọ̀.

"Bí o bá ṣí i wò," ni Bàbá wí lórí àga rẹ̀, láìyíjú padà, "ojú rẹ nìkan ló máa yó."

Ó mú ọwọ́ kúrò. Bí Bàbá ṣe mọ̀, Ọlọ́run ló yé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, èédú ti tutù. Màdáámù dé, Ẹlẹ́fun dé, àwọn tó ń pa aṣọ láró pàápàá fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ wá. Ṣọ́bìrì ki ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́, ó sì ń kà á sókè bí ẹni ń kọrin. Ó ka mẹ́wàá. Ó ka méjìlá, ó dúró, ó wo gbogbo èèyàn lójú. "Ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ Ajé nìyí o!" Ó tún ń bá a lọ. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́tàdínlógún. Adáná ti di ojú.

"Méjìdínlógún!"

Wọ́n hó yèè. Adáná la ojú. Èédú ṣì wà nínú páànù. Ó wà níbẹ̀, dúdú, gbígbẹ, ó ń dán. Ṣọ́bìrì tún kó o, àpò kan tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, abọ́ kan péré ló ṣẹ́kù kó pé.

"Mọ́kàndínlógún ó dín abọ́ kan," ni Ṣọ́bìrì wí. "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n bu abọ́ kan nílé wá fi dí i?"

Màdáámù kò rẹ́rìn-ín. "Ó kù kó mu aró."

Aláyẹ̀wò gbé ọ̀pá dígí oníhò méjì síwájú wọn, ife kan lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, èédú tuntun nínú ọ̀kan, èédú Adáná nínú èkejì. Ó kọ́kọ́ bu omi lásán sí wọn, èyí tó jí nínú iná sì ta ṣíṣí, afẹ́fẹ́ ń tú jáde nínú ẹgbẹ̀rún yàrá rẹ̀. "Kò sẹ́nì kankan nílé," ni Adáná wí wẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni Aláyẹ̀wò da omi pupa tó le jù nínú iléeṣẹ́ náà sínú méjèèjì. Omi pupa wọ inú dúdú, ó sọnù. Ẹ̀kán kan yọ nísàlẹ̀. Ẹ̀kán kejì. Méjèèjì mọ́ bí omi òjò.

Màdáámù gbé ife ti Adáná sókè, ó fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ife náà, ó ka ìlà kan jáde nínú rẹ̀ ketekete. Ó gbé ife tuntun, ó ka ìlà kejì. Ó kó wọn sílẹ̀.

"Mi ò mọ èwo ni èwo mọ́," ó wí.

Ariwo tó sọ bo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹlẹ́fun gbé Aláyẹ̀wò sókè, ó sì sọ ọ́ di funfun. Bàbá na ọwọ́ méjèèjì, ó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín èrò títí ó fi rí i, ó sì dì mọ́ ọn.

Àárín ariwo yìí ni ọkọ̀ ńlá kan dé, ọkùnrin mẹ́rin bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé irin.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbo ni irin àlòkù náà wà?"

Màdáámù yíjú sí wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Adáná ti mọ̀ ọ́n, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè. "Ẹ yí ọkọ̀ yín padà! Kò sí irin àlòkù níbí. Ìléru tó ń ṣiṣẹ́ lẹ̀ ń wò yẹn!"

Ó wá tọ́ka síta, síbi tí wọ́n kó ogóje àpò èédú tó ti yó jọ sí, èyí tí wọ́n ti ní kí wọ́n lọ dànù. "Adáná, tìrẹ ni gbogbo ìyẹn. Ìgbà wo lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

Adáná wo òkìtì náà. Ojú ẹlòmíràn á rí ìdọ̀tí. Òun rí ìlú ńlá kan, ilé rẹ̀ kò lóǹkà, yàrá rẹ̀ kò lóǹkà, gbogbo fèrèsé rẹ̀ sì ń dúró de ẹni tí yóò ṣí i. Ó tún gèlè rẹ̀ dì, ó dì í le dan-in dan-in.

"Ẹ̀gbọ́n Ṣọ́bìrì," ó wí, "ẹ gbé ogún wá."